Gìtá Tí Wọ́n Ń Fẹsẹ̀ Tẹ̀

Bí ojú bá lè la igi, ojú Àǹtí Gúlúù ì bá ti la gbogbo gìtá tí àbúrò rẹ̀ ṣe sí wẹ́wẹ́. Obìnrin náà kì í pariwo, kì í sì í bú èèyàn ní gbangba. Ó kàn máa ń gbójú sókè láti ibi tó ti ń fi sáńpépà ra igi, yóò wo ohun tí wọ́n gbé dé, yóò wo ẹni tó gbé e dé, yóò wá fa ètè ìsàlẹ̀ sínú bí ẹni tó tọ́ ohun kíkan wò. Ẹni tó bá fa ètè yẹn sí kì í gbàgbé bọ̀rọ̀.

Bàbá wọn ló fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, yàrá méjì tó tẹ̀lé ara wọn, tí ilẹ̀kùn kan wà láàárín. Yàrá iwájú tó kọjú sí títì ni tirẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń tún gìtá tó bà jẹ́ ṣe. Bí ẹnìkan bá fìdí jókòó lé gìtá ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé bá jẹ́ kí tirẹ̀ bọ́ lórí àtẹ̀gùn, bí oòrùn bá jẹ́ kí ojú gìtá gbé sókè nínú mọ́tò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ó ń so wọ́n rọ̀ ní ọrùn lábẹ́ àjà, ìkòkò gúlúù rẹ̀ sì máa ń wà lórí sítóòfù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti àárọ̀. Òórùn gúlúù yẹn ti wọ aṣọ rẹ̀, ó ti wọ irun rẹ̀, òun ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ.

Yàrá ẹ̀yìn jẹ́ ti àbúrò rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pè é ní Ọ̀gá Àrà, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i, nítorí kò mọ̀ pé ìdajì àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ọkùnrin náà kò lè ṣe gìtá bí gìtá ọmọ èèyàn. Ó ti fi páìpù omi ṣe ọ̀kan rí. Àǹtí gbọ́ ọ, ó ní ó ń dún bí ẹni tó ń húkọ́ nínú kànga. Ó ti fi gíláàsì fèrèsé ṣe ọ̀kan, kí àwọn èèyàn lè máa wo inú rẹ̀ bó ṣe ń dún. Nígbà tó fa okùn kẹrin le, gíláàsì náà là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì gé e lọ́wọ́. Ó dúró, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ náà bí ìgbà tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Àǹtí ló gbá ilẹ̀. Ó ní fèrèsé yẹn wúlò títí ó fi fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ló tún ṣe èyí tí ọrùn rẹ̀ ń ṣí tó ń pa dé bí ilẹ̀kùn, pé kí olórin lè máa tẹ ohùn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Olórin àkọ́kọ́ tó gbìyànjú rẹ̀ há ìka sí i, ó sì kúrò níbẹ̀ láì dágbére.

Kì í ṣe àìmọ̀kan ló ń mú Àǹtí fojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ wọ̀nyí. Ohun tó ń dùn ún gan-an ni pé àbúrò rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí bàbá wọn ń kọ́ àwọn méjèèjì, ọmọkùnrin yẹn ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó ti ṣe gìtá gidi kan nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n, gìtá tó jẹ́ pé bàbá wọn gbé e, ó lù ú, kò sì gbé e sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ó ní òun ti mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Àǹtí kò gbàgbé. Ohun tí òun ń fi gbogbo ọjọ́ ayé òun tún ṣe, tí òun ń fi ìmí òun fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, ohun tí àbúrò òun ti mọ̀ tó sì ti sú u nìyẹn.

Àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò rẹ̀ tiẹ̀ burú ju òun fúnra rẹ̀ lọ lójú rẹ̀. Wọn a gba yàrá iwájú kọjá láì kí i dáadáa, wọn a dúró yí ohun tuntun náà ká, wọn a máa mi orí, wọn a ní ọpọlọ ń bẹ níbí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó gbé ohun kan lọ sílé rí. Àǹtí máa ń sọ pé bí ìyìn bá jẹ́ igi, àbúrò òun ì bá ti kọ́ ilé alájà.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn, títí di ọ̀sán ọjọ́ tí Bàbá Olórin wọlé.

Bàbá yìí ga, ó sì rọra ń rìn. Ọ̀rẹ́ bàbá wọn ni. Ó ti lu gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí gbọ̀ngàn ńlá kan nílùú tí kò tíì dúró sí. Ṣùgbọ́n àìsàn rọpárọsẹ̀ ti kọlu apá òsì rẹ̀. Ọwọ́ náà kàn wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, ìka rẹ̀ ká jọ, kò ṣeé na. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló gbé gìtá rẹ̀ tẹ̀lé e. Bàbá ní kí Àǹtí bá òun wá ẹni tí yóò mọyì gìtá náà, kí òun fi ta á lọ́rẹ.

Àǹtí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọ̀rọ̀ lójú. Ó gba gìtá náà, ó wo ọrùn rẹ̀, ó sọ fún un pé ohun tó bójú mu nìyẹn, nítorí ọwọ́ òsì ló ń wá ohùn fún okùn, bí kò bá sì sí ọwọ́ òsì, àpótí ni ohun tó kù. Ó ní kó fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń wo ilẹ̀.

Ẹnu ilẹ̀kùn àárín ni ohùn ti wá.

“Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, Bàbá?”

Ọ̀gá Àrà ló dúró síbẹ̀, tí ìdọ̀tí igi kún irùngbọ̀n rẹ̀. Bàbá bi í pé ẹsẹ̀ wo. Ó ní méjèèjì. Bàbá ní tọ̀tún le koko, tòsì ń wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tẹ ilẹ̀. Ọkùnrin náà fa àpótí ìjókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní kí gìtá dùbúlẹ̀ sórí itan Bàbá. Ó ní òun máa to ìka irin sórí ọrùn rẹ̀, òun á so wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ mọ́ ìka kọ̀ọ̀kan, wáyà náà á sì sọ̀ kalẹ̀ wá síbi pẹ́dà. Bí Bàbá bá fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà kan, ìka irin á tẹ okùn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á sì máa ṣe iṣẹ́ tó ti ń ṣe bọ̀.

Àǹtí fi imú rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì wo bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ti gbójú kúrò nílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ariwo irin kò dáwọ́ dúró ní yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀gá Àrà gbẹ́ ọrùn tuntun lẹ̀ mọ́ gìtá Bàbá, ó gé pẹ́dà láti ara pákó àpótí, ó gé fìlà àtijọ́ kan láti fi bo orí ìka irin kí ó má bàa dá àpá sí okùn lára, ìdí ṣíbí ló sì fi rọ ìka náà. Ibi tí ṣíbí ilé ìdáná wọn ti ń dín kù ni Àǹtí ti kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí. Nígbà tó dà bíi pé ó ti ń parí, ó wọlé lọ wò ó. Ó gbé e, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e padà.

“Ọrùn yìí máa kán,” ó wí.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí mi?”

“Okùn ń fà á síwájú. Wáyà rẹ ń fà á sísàlẹ̀. O sì wá gbẹ́ ẹ tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ṣé gìtá lo fẹ́ ṣe ni, àbí ọfà lo fẹ́ ta?”

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí ó máa ń rín fún un láti kékeré. Ó ní ọrùn tó bá nípọn máa ń pa ohùn, pé òun ti ṣírò rẹ̀. Àǹtí ní òun ti sọ tòun. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn díẹ̀díẹ̀, bí inú ẹni tó rí òjò tó ṣú tó sì mọ̀ pé òun kò sá aṣọ kankan síta.

Ọjọ́ tí Bàbá Olórin wá gbìyànjú rẹ̀, Àǹtí fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ sáyà. Bàbá jókòó, wọ́n gbé nǹkan náà lé e lórí itan, wáyà sọ̀ kalẹ̀ láti ara rẹ̀ bí ìfun. Ó fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà kan, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ra okùn. Ohùn jáde. Ó tẹ òmíràn. Ó dúró díẹ̀, ó wo àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ wọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin kan, orin tó rọrùn, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé. Lójú Àǹtí, kò dára. Ó ń kọsẹ̀, ó sì ń hanrun. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin náà dé ibi tó ti ń gòkè, Bàbá gbàgbé ara rẹ̀, ó fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dà méjì pọ̀ bí ẹni tó wà níwájú èrò, ọrùn náà sì kán. Wáyà ta lù ú lókè ojú. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dé àyà aṣọ rẹ̀.

Àǹtí ló fa aṣọ mímọ́ yọ, òun ló di ojú ọgbẹ́ náà mú, òun ló ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n ti gbé Bàbá lọ, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, “Mo sọ fún ọ.” Ó ti ń retí àtisọ ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tó ti fọwọ́ tẹ ọrùn náà. Ó sọ ọ́ tán, kò sì dùn lẹ́nu rẹ̀ tó bó ṣe rò.

Nọ́ọ̀sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Kò jókòó. Ó dúró láàárín yàrá iwájú, lábẹ́ àwọn gìtá tó so rọ̀, ó sì rọra sọ̀rọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó burú.

“Bàbá mi fọkàn tán yín nítorí bàbá yín,” ó wí. “Mi ò mọ̀ pé káfíńtà lẹ̀yin méjèèjì. Káfíńtà gan-an kì í kan àga tó máa lu ẹni tó jókòó sí i.”

Àǹtí ya ẹnu láti sọ pé ọwọ́ òun kò sí níbẹ̀, pé òun tiẹ̀ kìlọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń wò ó, láti orí títí dé ẹsẹ̀, bí òun náà ṣe máa ń wo èèyàn. Wọn kò tíì wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin méjèèjì. Wọ́n ti kó òun àti ìdọ̀tí yẹn pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn láti lọ bínú.

Àbúrò rẹ̀ jókòó sórí àpótí, kò ṣe nǹkan kan. Ọrùn gìtá tó kán wà nílẹ̀ níbi tó bọ́ sí. Àǹtí gbé e láti fi hàn án, ó wá rí i pé ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ kò ṣí rárá. Igi ló ya. Ìsopọ̀ náà mọ́ tónítóní, kò sí àlàfo tí èékánná lè wọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í lẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tún bí i nínú sí i, pé kí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ tó báyìí máa tẹ̀lé orí tó kún fún àlá.

Ọjọ́ ń lọ, Ọ̀gá Àrà kò sì fọwọ́ kan igi. Ó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó ń jókòó, ó ń lọ sílé. Ariwo irin kò sí mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń mi orí kò yọjú mọ́. Ohun tí Àǹtí ti ń fẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá nìyẹn, ó sì yà á lẹ́nu pé kò fẹ́ ẹ mọ́. Ó wo àbúrò rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó rí ọkùnrin kan tí ẹ̀rù ń bà. Òmùgọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ti máa ń rí i lára, ṣùgbọ́n òmùgọ̀ tó ká ọwọ́ sórí itan yìí, kò lè fi ojú rí i rárá.

Bí nǹkan ṣe rí nìyí nígbà tí Bàbá Olórin tún wọlé, òun nìkan, pẹ̀lú ọ̀pá, àti báńdéèjì lókè ojú. Ó dájú pé ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ó jáde. Ó gba iwájú Àǹtí kọjá, ó lọ dúró ti Ọ̀gá Àrà.

“Ìgbà wo ni ìkejì máa parí?” ó bi í.

Ọ̀gá Àrà kò gbójú sókè. Ó ní kó má bínú, òun kò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́, ó ti tó bẹ́ẹ̀. Bàbá ní kò tó. Ó ní òun gbọ́ ohùn òun níbẹ̀ kó tó kán. Ọ̀gá Àrà ṣì ń mi orí.

“Ó máa parí,” Àǹtí wí láti ẹ̀yìn wọn. “Èmi ni mo máa ṣe ọrùn rẹ̀.”

Àwọn ọkùnrin méjèèjì yíjú sí i. Kò sí àánú lójú rẹ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n máa fi ohun tí òun lè fi ọwọ́ kan ṣe bú òun láàárín ìlú. Ó ní kí àbúrò òun dìde kó bá òun mú igi.

Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ dúró ti tábìlì kan. Wọn kò ṣe é ní ìrọ̀rùn. Àǹtí lẹ oríṣi igi méjì mọ́ra, ó sì gbẹ́ àárín wọn láti tẹ́ ọ̀pá irin sí i. Àbúrò rẹ̀ ní ó ti ń ṣe òpó ilé. Ó ní ohùn á kú. Àǹtí ní kó kú, ohùn tó kú kì í lu arúgbó lójú. Lẹ́yìn náà ló wo àwọn wáyà náà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó bi í léèrè ohun tó dé tí gìtá fi gbọ́dọ̀ gbé ẹrù wọn rárá. Ó ní kó kan férémù kan tó máa fúnra rẹ̀ dúró nílẹ̀, kí wáyà máa fa ìyẹn. Àbúrò rẹ̀ fi lẹ́ẹ̀dì ya nǹkan sórí tábìlì, ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Ó wá ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọrùn náà kò nílò kó nípọn tó bí Àǹtí ṣe fẹ́ ẹ, òun lè fá díẹ̀ kúrò. Wọ́n jà lórí díẹ̀ yẹn títí ìrọ̀lẹ́. Àbúrò rẹ̀ fá a.

Nígbà tó parí, Àǹtí kò jẹ́ kí Bàbá kọ́kọ́ jókòó sí i. Ó fi awò tí wọ́n ń wọ̀ bí wọ́n bá ń lọ irin bo ojú ara rẹ̀, ó gbé nǹkan náà lé itan, ó tẹ orí ba débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan okùn, ó sì fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà méjì méjì, lẹ́yìn náà gbogbo èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kó pọ̀. Àbúrò rẹ̀ dúró ti ògiri, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Férémù náà dún díẹ̀. Ọrùn kò mira. Àǹtí bọ́ awò, ó ní kí wọ́n pe Bàbá.

Ohùn rẹ̀ kò dára. Àǹtí kò fi èyí pamọ́ nígbà náà, kò sì fi pamọ́ títí dòní. Kí okùn tó dún, ìka irin á kọ́kọ́ dún kọ́, bí ẹni tó wọ bàtà rìn gba inú orin kọjá. Bàbá Olórin kò ka ìyẹn sí. Ó ṣe orin tí ọmọdé ń ṣe, ó ṣe òmíràn tó le díẹ̀, nígbà tó sì máa fi dé ẹ̀kẹta, ọkùnrin kan tó wá gba gìtá ọmọ rẹ̀ ní yàrá iwájú ti rìn wọlé láì mọ̀ pé òun wọlé. Òógùn bo Bàbá. Ó dúró, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́.

“Kì í ṣe ohùn mi àtijọ́,” ó wí. “Ṣùgbọ́n tèmi ni.”

“Okùn kẹta yín ti dẹ̀,” Àǹtí dá a lóhùn.

Bàbá tẹ́tí sí i, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì fà á sókè.

Nọ́ọ̀sì kò wá tọrọ àforíjì. Ó wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ní nǹkan náà ń pariwo jù nínú ilé, pé àwọn alábàágbé ń sọ̀rọ̀, ó bèèrè bóyá wọ́n lè wá nǹkan tí kò le tó fìlà yẹn bo orí irin. Àǹtí wá awọ rírọ̀ fún un. Nínú bí obìnrin náà ṣe gbà á, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó hàn pé kò tún ní pè wọ́n ní káfíńtà mọ́. Àǹtí kò yá mọ́ ọn. Ó ti fi sọ́kàn pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀, kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó yí i padà.

Ìròyìn tàn, akọ̀ròyìn kan sì gbé kámẹ́rà dé lọ́jọ́ tí Bàbá gbé gìtá náà wá kí wọ́n lè fa wáyà rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Ọ̀gá Àrà tún yọjú, wọ́n kún yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ń mi orí. Akọ̀ròyìn náà kì í ṣe ẹni tó sùn. Ó fọwọ́ ra ọrùn gìtá náà, ó wo bí igi méjèèjì ṣe wọ ara wọn, ó rìn wá sí yàrá iwájú, ó sì bi Àǹtí bóyá òun ló ṣe ọrùn náà. Ọ̀gá Àrà ti ya ẹnu láti dáhùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó sì pa á dé.

“Èmi kọ́,” Àǹtí wí. “Gìtá ni mo ń tún ṣe níbí.”

Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, àwòrán Ọ̀gá Àrà nìkan ló wà níbẹ̀, tó gbé nǹkan náà dání bí ẹni tó mú ẹja ńlá. Àǹtí wo àwòrán náà dáadáa. Ó ní ẹni tó ń fi orí gìtá gbé e sókè báyìí, wọn kò tọ́ ọ dáadáa, ó sì fi ìwé náà tẹ́ abẹ́ ohun tó ń kùn.

Bàbá Olórin ń wá lóòrèkóòrè kí wọ́n lè fa wáyà rẹ̀ le. Àǹtí ló ń bá a fà á, nítorí àbúrò rẹ̀ ti bọ́ sórí nǹkan mìíràn. Gìtá tí omi máa wà nínú ikùn rẹ̀ ló kù tó ń ṣe, kí ohùn lè máa mì bí omi náà bá mì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn àárín wá sí yàrá iwájú, títí dé ìdí àwọn gìtá tí ilé ìwé kó wá fún àtúnṣe, tó kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àǹtí kó wọn lọ sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, láì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ bá a. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ dé títì lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí aládùúgbò kankan máa gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n gbọ́ tó ń sọ ni pé ta ló sọ fún un pé ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti máa ń lẹ ikùn omi, pé kó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kó gbé nǹkan ìríra yẹn wá fún òun.